PLA, ike tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi ẹ̀rọ 3D ṣe nǹkan, ẹ̀rọ tó ń yọ́ okùn ike tó sì ń tò ó ní ìlà ìlà lórí ara wọn títí á fi di nǹkan, PLA sì ni ike tí mo ń lò jù fún un. Gbàrà tí mo bá ti lanu sọ pé inú àgbàdo ni ike yìí ti wá, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ṣé ó ṣeé jẹ, ṣé ó máa ń jẹrà, ṣé ó lè gba omi gbígbóná. Ó ti sú mi láti máa dáhùn wọn níkọ̀ọ̀kan, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ síbí. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn ò ju gbólóhùn méjì lọ, ẹ máa fara dà á.

Kí ni PLA gan-an?

Ike ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ di ìyẹn mú torí àwọn kan rò pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ewéko báyìí, nǹkan bíi páálí tàbí ewé gbígbẹ ni. Rárá o, ike gidi ni, orúkọ ẹ̀ ní kíkún ni polylactic acid. Ohun tó kàn yà á sọ́tọ̀ sí ike yòókù ni pé epo rọ̀bì kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣúgà inú ewéko ni, ó lè jẹ́ àgbàdo, ó lè jẹ́ ìrèké, ó lè jẹ́ ẹ̀gẹ́. Tí wọn ò bá fi àwọ̀ sí i ó máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó ń dán, ó le gbagidi, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ jù kò ní tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ike ìdérí ìgò ṣe máa ń ṣe, ńṣe ló máa kán.

Báwo ni àgbàdo ṣe ń di ike?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn lọ àgbàdo tí wọ́n wá rọ ọ́ sínú móòdù o. Sítáàṣì inú ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Wọ́n á yọ ìyẹn sọ́tọ̀, wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù, irú èròjà tó ń bá wa da oúnjẹ nínú ara, gé e wẹ́wẹ́ títí á fi di ṣúgà, ṣúgà yẹn ni wọ́n máa fi bọ́ bakitéríà nínú àgbá ńlá. Mọ̀lẹ́bí àwọn bakitéríà tó máa ń mú kí wàrà kan ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń jẹ ṣúgà ni wọ́n ń ṣu lactic acid, ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn. Ásíìdì yẹn ló máa di ike.

Ibi tó ti wá le nìyí. Téèyàn bá kàn gbé lactic acid kaná kí ẹyọ ẹyọ wọn lè so mọ́ra, wọ́n á so mọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹyọ méjì bá so mọ́ra ni omi díẹ̀ máa ń jáde, omi yẹn kan náà ló sì tún máa ń padà wá já okùn tó ti so. Ẹ ń so, ó ń já, ẹ ń so, ó ń já, nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi ṣe tán okùn kúkúrú kúkúrú tí ò lágbára ló máa kù sí yín lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá sí i dùn mọ́ mi gan-an: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe okùn kúkúrú yẹn, wọ́n á tún tú u palẹ̀ kó di òrùka kéékèèké, ẹyọ méjì nínú òrùka kan, lactide lorúkọ ẹ̀. Omi ti jáde tán lára òrùka yìí, kò sí èyí tó máa tún jáde mọ́. Wọ́n á sọ ọ́ di mímọ́ tónítóní, wọ́n á fi èròjà kan bíńtín ta á jí, òrùka kọ̀ọ̀kan á ṣí, á na ọwọ́ mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa gùn lọ títí á fi di okùn tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ nínú. Ìyẹn ni PLA. Wọ́n á wá gé e sí hóró kéékèèké, ẹni tó fẹ́ ṣe kọ́ọ̀bù á ra hóró, ẹni tó fẹ́ ṣe òwú á ra hóró. Nǹkan bíi kílò 2.5 àgbàdo ló ń di kílò 1 PLA.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi tó ń já okùn yẹn sọ́kàn, ó ṣì ń padà bọ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Kò tuntun rárá. Ọdún 1780 ni Carl Wilhelm Scheele yọ lactic acid jáde látinú wàrà tó ti kan, ní Sweden. Ní 1932, Wallace Carothers tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù gbìyànjú láti sọ lactide di ike ní ilé-iṣẹ́ DuPont l'Amẹ́ríkà, àmọ́ ohun tó rí gbà ò lágbára. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ náwó sórí ike tí omi ń bà jẹ́ nígbà náà? Ni wọ́n bá pa á tì, àfi àwọn oníṣègùn tó wá rí i pé ohun tó jẹ́ àbùkù fún oníke gan-an làwọn ń wá, màá sọ ìyẹn tó bá yá.

Cargill, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣòwò ohun ọ̀gbìn l'Amẹ́ríkà, ló jí i padà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Dow ní 1997, nígbà tó di 2002 ilé-iṣẹ́ ńlá wọn ṣí ní ìlú Blair, ní Nebraska, àárín ibi tí àgbàdo pọ̀ sí l'Amẹ́ríkà. NatureWorks ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ yẹn báyìí. Ní Rayong, lórílẹ̀-èdè Thailand, ìrèké làwọn TotalEnergies Corbion ń lò, ilé-iṣẹ́ wọn níbẹ̀ lè ṣe tó 75,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Kí ni wọ́n ń fi ṣe tí mo lè ti rí?

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án láì mọ̀. Kọ́ọ̀bù tó mọ́ gaara tí wọ́n ń bu ohun mímu tútù sí, ìdérí ẹ̀, abọ́ tí wọ́n ń di sàláàdì sí, síbí àti fọ́ọ̀kì àlòdanù, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kọ́ọ̀bù páálí kó má bàa jò, fèrèsé kékeré tó máa ń wà lára páálí kéèkì tẹ́ ẹ fi ń yọjú wo inú ẹ̀, àpò tíì tó rí dán dán bíi sílíìkì yẹn, gbogbo ẹ̀ ló lè jẹ́ PLA. Wọ́n tún máa ń fà á tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, wọ́n á fi ṣe aṣọ fúlẹ́fúlẹ́ tó wà lára pámpáàsì ọmọ àti wáìpù, tàbí kí wọ́n kì í sínú ìrọ̀rí. Àwọn àgbẹ̀ náà ń rí lára ẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sórí ebè kí koríko má bàa hù, àmọ́ tìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ po ike mìíràn tó rọ̀ mọ́ ọn torí PLA nìkan á le jù, á kàn máa ya ni.

Àti ẹ̀rọ 3D. Ìyẹn ní ìbéèrè tiẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣé mo lè bu tíì gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù PLA?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é. Tí PLA bá ti gbóná tó 55 sí 60°C ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná sì sún mọ́ 100°C. Kò ní yọ́ di omi o, kó tó yọ́ gan-an ó di bíi 150 sí 180°C, ṣùgbọ́n á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á wó mọ́ yín lọ́wọ́, tíì á sì dà sí yín lára.

Bó ṣe ṣe mí nìyí. Mo ṣe nǹkan tí mo máa fi gbé fóònù dúró nínú mọ́tò, ó gbà mí ní wákàtí mẹ́rin, inú mi ń dùn, mo gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo páàkì sínú oòrùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ti fèrèsé pa, ìgbà tí mo máa fi padà dé ó ti dorí kodò bí ẹni tó ń toògbé nínú ìpàdé. Inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn lè gbóná kọjá 60°C lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, mi ò kàn rò ó ni.

Torí náà, máíkírówéèfù, rárá. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, rárá. Omi gbígbóná tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣan án, rárá.

Àmọ́ mo rí síbí PLA tí wọ́n ń fi mu nǹkan gbígbóná, kò sì rọ̀

CPLA nìyẹn. PLA kan náà ni, àmọ́ wọ́n ti mú kí okùn inú ẹ̀ tò sójú kan létòlétò, wọ́n sì sábà máa ń po lẹ́búlẹ́bú òkúta bíi talc mọ́ ọn, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fara da ooru tó bíi 85°C. Ẹ máa dá a mọ̀ torí kò mọ́ gaara mọ́, funfun tó ṣú díẹ̀ ni. Tó bá mọ́ gaara, ohun tútù nìkan.

Kọ́ọ̀bù páálí tí wọ́n fi PLA tẹ́ inú ẹ̀ náà lè gba tíì, torí páálí ló ń gbé kọ́ọ̀bù yẹn dúró, PLA tó wà nínú ẹ̀ kàn ń dí ojú ihò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò tíì, ó máa rọ̀ nínú omi yẹn lóòótọ́ àmọ́ kò sí ohun tó ń gbé dúró, tó bá rọ̀ kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Fíríìjì ńkọ́?

Kò sí wàhálà. Nínú fírísà, ó máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ, tó bá já bọ́ ó lè fọ́.

Ṣé ó léwu fún ara?

PLA fúnra ẹ̀, rárá. Lactic acid tí wọ́n fi ṣe é, ara wa náà ń ṣe é, iṣan yín ń ṣe é nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré, ara sì mọ bó ṣe ń lò ó dànù. Wọ́n gbà á láàyè fún abọ́ oúnjẹ l'Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù.

Ibi tí mo ti máa ń ṣọ́ra ni ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, àwọ̀, èròjà tó ń mú kó rọ̀, èròjà tó ń mú kó dán, àwọn yẹn ò kọ gbogbo ara wọn sára páálí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ 3D ṣe abọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi jẹun, ẹ rò ó dáadáa: ìlà ìlà ni ẹ̀rọ yẹn ń tò ó, oúnjẹ á máa há sáàárín ìlà wọ̀nyẹn, ìdọ̀tí á jókòó síbẹ̀, ẹ ò sì lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ torí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu ẹ̀rọ náà sábà máa ń jẹ́ idẹ, òjé díẹ̀ lè wà nínú ẹ̀. Èmi ò ń fi tèmi jẹun.

Tí wọ́n bá tún bi mí bóyá ó ṣeé jẹ torí pé àgbàdo ni, ìdáhùn mi ni pé ẹ jẹ àgbàdo.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi sínú ara èèyàn?

Òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́. Ẹ rántí omi tó ń já okùn? Inú ara wa, omi ni. Tí dókítà bá fi okùn tí wọ́n ṣe látinú ìdílé yìí rán ojú ọgbẹ́, omi ara á máa já a díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọgbẹ́ bá fi máa jinná okùn náà ti ń parẹ́, kò sí pé ẹ tún ń padà lọ kí wọ́n wá fà á yọ. Okùn Vicryl tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ mọ̀, glycolide, mọ̀lẹ́bí lactide, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, 90 nínú 100, lactide ni 10 tó kù. Wọ́n tún ń fi PLA ṣe sukúrúù tí wọ́n fi ń de egungun tó ṣẹ́ tàbí iṣan tó já, ìyẹn ń pẹ́ ju okùn lọ kó tó tú, ó lè gba ọdún mélòó kan, egungun á máa gba ipò ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2004, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Sculptra, PLA lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń gún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn tí àrùn HIV ti mú kí ojú wọn rù. Ohun tó ń di òkìkí nídìí ẹwà báyìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tí mo bá jù ú dànù, ṣé ó máa jẹrà?

Ìbéèrè àgbà nìyí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parọ́ fún wa jù. Ó máa jẹrà, àmọ́ kì í ṣe níbi tẹ́ ẹ máa jù ú sí.

Bó ṣe ń jẹrà, ìpele méjì ni. Omi ló kọ́kọ́ máa wọ inú ẹ̀ lọ já okùn gígùn yẹn sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà làwọn kòkòrò àìfojúrí á wá jẹ wẹ́wẹ́ yẹn, wọn ò lè jẹ okùn gígùn. Ìpele àkọ́kọ́ ló ń pẹ́. Tí ooru ò bá tó 55 sí 60°C, okùn wọ̀nyẹn le gbagidi, wọ́n há mọ́ra, omi ò ráyè wọlé dáadáa. Tó bá ti kọjá 60°C wọ́n á rọ̀, omi á wọlé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣẹ́ ẹ rí i pé nọ́ńbà tó ba ìdúró fóònù mi jẹ́ yẹn náà ló ń pinnu bóyá kọ́ọ̀bù máa jẹrà àbí kò ní jẹrà?

Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìdọ̀tí ṣe ajílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, òkìtì tiwọn máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bomi sí i, wọ́n ń yí i, níbẹ̀ PLA lè lọ láàárín oṣù díẹ̀. Ìlànà EN 13432 ti Yúróòpù sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, tí wọ́n bá fi ajẹ̀rẹ̀ tí ihò ẹ̀ jẹ́ mílímítà 2 jọ̀ ọ́, ohun tó máa kù lórí ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ, láàárín oṣù 6 ìdá 90 sì gbọ́dọ̀ ti di afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "compostable" (ó lè di ajílẹ̀) tẹ́ ẹ ń rí lára kọ́ọ̀bù yẹn ti wá.

Ẹ wá wò ó: òkìtì ajílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín, ṣé ó ń gbóná tó 60°C fún ọ̀sẹ̀ lọ́pọ̀? Ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́? Inú òkun ńkọ́, tó tutù, tó ṣókùnkùn? Ní gbogbo ibẹ̀ yẹn, PLA á wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ bí ike yòókù ṣe máa wà. Ìjàpá inú òkun tó gbé ọ̀rá mì ò ní mọ̀ pé àgbàdo ni. Ní ààtàn ńlá tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ bò mọ́lẹ̀ náà, kò sí ooru tó tó, kò sí afẹ́fẹ́, á kàn sùn síbẹ̀ ni.

Èyí tó tún wá dùn mí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ mìíràn tó lè ṣe é gan-an máa ń kọ̀ ọ́, torí ojú lásán ò lè dá kọ́ọ̀bù PLA mọ̀ yàtọ̀ sí kọ́ọ̀bù ike lásán, wọn ò sì fẹ́ kí ike bà wọ́n ní ajílẹ̀ jẹ́. Mi ò lè bá wọn wí. Kẹ́ ẹ tó rà á torí pé ó ń jẹrà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tó ń kó ìdọ̀tí yín ní ibi tó máa gbé e lọ.

Tí wọ́n bá ti lè fi ewéko ṣe ike, ṣé gbogbo ẹ̀ ló ń jẹrà ni?

Rárá, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ewéko ń sọ ibi tí ike ti wá, kò sọ ibi tó ń lọ. Ẹ wo Braskem ní Brazil, láti 2010 ni wọ́n ti ń fi ìrèké ṣe polyethylene, àmọ́ polyethylene náà ni, èyí tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀rá lásán, kò yàtọ̀ sí ti epo rọ̀bì, tẹ́ ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ kò ní jẹrà. Ẹ wá wo òdìkejì, ike kan tó ń jẹ́ PBAT, epo rọ̀bì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ó sì ń jẹrà. Òun ni wọ́n ń pò mọ́ PLA fún ọ̀rá àwọn àgbẹ̀ tí mo sọ lókè.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ bíi "eco" tàbí "green" pẹ̀lú àwòrán ewé lára nǹkan, tí kò sí nọ́ńbà ìlànà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwòrán ewé lẹ rà yẹn o.

Ṣé mo lè kó o pọ̀ mọ́ ìgò ike fún rìsáíkù?

Ẹ má kó o pọ̀. Ìgò omi tó mọ́ gaara, PET ni, PLA sì jọ ọ́ bí ìbejì. PET ń yọ́ ní nǹkan bíi 250°C, PLA ò lè fara da ooru yẹn, á jóná nínú ẹ̀, á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, díẹ̀ báyìí ti tó. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi ló ní in. Nọ́ńbà 7 ni PLA máa ń ní nínú àmì onígun mẹ́ta yẹn, 7 sì jẹ́ ilé gbogbo ike tí ò ríbi gbé.

Ó ṣeé tún lò o, ìyẹn ló tiẹ̀ dunni níbẹ̀. Ẹ lè fi omi gbígbóná tú u padà sí lactic acid kẹ́ ẹ tún fi ṣe PLA tuntun tó dára bíi ti tẹ́lẹ̀. Àfi kí ẹnì kan kó o jọ tó.

Ṣé kì í ṣe oúnjẹ èèyàn ni wọ́n ń sọ di ike yìí?

Ọ̀rọ̀ yìí tọ́, mi ò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àgbàdo tí wọ́n ń lò ní Nebraska, irú tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn àti tí wọ́n fi ń ṣe ọtí tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò bí epo ni, àmọ́ ilẹ̀ ṣá ni ilẹ̀, ajílẹ̀ kẹ́míkà ṣá ni, omi ṣá ni. Lónìí ó ṣì kéré: gbogbo ike tí ayé ń ṣe lọ́dún ti kọjá 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, èyí tó ti ara ewéko wá tàbí tó ń jẹrà, tẹ́ ẹ bá pa gbogbo wọn pọ̀, kò tó 1 nínú 100. Tí wọ́n bá wá fẹ́ fi PLA rọ́pò gbogbo ike, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ oúnjẹ máa le. Àwọn kan ti ń wá bí wọ́n ṣe máa lo pòròpórò àti èèpo dípò hóró, mo ń retí ẹ̀.

Nígbà náà, ṣé ó sàn ju ike epo rọ̀bì lọ?

Níbì kan, bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàdo máa ń fa carbon dioxide látinú afẹ́fẹ́ nígbà tó ń dàgbà, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ láti oko dé hóró ike, ọ̀pọ̀ ìgbà ni èéfín tó ń mú ayé gbóná máa ń kéré ju ti ike epo rọ̀bì lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí lójú títì, mi ò rí ìyàtọ̀. Yúróòpù náà ò rí i: òfin wọn 2019/904, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù keje 2021, fòfin de síbí, fọ́ọ̀kì, àwo àti sítírọ́ọ̀ ike àlòdanù, PLA wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbàdo ò gbà á sílẹ̀. Inú bí àwọn tó ń tà á gan-an. Èmi rò pé òfin yẹn tọ̀nà, fọ́ọ̀kì téèyàn lò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò nílò kí wọ́n fi nǹkan tó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ibi tí PLA ti wúlò lójú tèmi ni ibi tí oúnjẹ àti ike ti máa jọ lọ sínú ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi àpò tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ilé ìdáná sí, àti ilé ìwòsàn, àti ẹ̀rọ 3D.

Kí ló dé tí àwọn onẹ̀rọ 3D fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Torí ó rọrùn, kò sí ìdí mìíràn. Ẹnu ẹ̀rọ tó gbóná tó 190 sí 220°C ti tó o, kì í fi bẹ́ẹ̀ ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ABS, ike mìíràn táwọn onẹ̀rọ 3D ń lò, ṣe máa ń ṣe, òórùn ẹ̀ ò le, àwọn kan ní ó ń rùn díẹ̀ bíi ṣúgà tó ń jóná, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Kílò 1 okùn PLA tí wọ́n ń kì sínú ẹ̀rọ, èyí tó nípọn tó mílímítà 1.75, gùn tó nǹkan bíi mítà 330, ẹ lè fi ṣe nǹkan tó pọ̀.

Ẹ ṣí fèrèsé ṣá, nítorí pé òórùn ò le ò túmọ̀ sí pé eruku wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí ò jáde. Ẹ tọ́jú okùn náà síbi tó gbẹ, sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dí pa, torí ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, tó bá ti fa omi ẹ máa gbọ́ tó ń ta pàpà lẹ́nu ẹ̀rọ, ohun tó bá jáde á rí gbágungbàgun, nígbà mìíràn okùn náà á kàn máa kán fúnra ẹ̀ lórí ìkẹ́kẹ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ooru bíi 45 sí 50°C gbẹ ẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Asítóònù tí wọ́n fi ń mú ABS dán ò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀, pépà iyanrìn lẹ máa fi ha á. Ẹ má sì fi ṣe ohun tó máa gbé ẹrù níta nínú oòrùn, ẹ ti gbọ́ ìtàn mi.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá PLA ni ohun tó wà lọ́wọ́ mi?

Ẹ wo ìdí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí 7 tí wọ́n kọ PLA sábẹ́ ẹ̀, ó tán. Tí kò bá sí, ẹ gé díẹ̀, ẹ fi sínú omi tútù, tó bá léfòó kì í ṣe PLA. Tó bá rì, kò tíì dájú, PET náà ń rì. Ẹ wá fi sínú omi tó gbóná tó bíi 70°C, PLA tó mọ́ gaara á rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní kíá, ẹ lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ àwọn PET kan náà máa ń wé níbẹ̀, bó ṣe sún mọ́ òótọ́ tó nìyẹn láì sí ẹ̀rọ.

Wọ́n ní ọ̀rá PLA kan pariwo débi tí wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ìtàn yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. SunChips ni, l'Amẹ́ríkà, wọ́n di ìpanu wọn sínú ọ̀rá PLA tó lè di ajílẹ̀, ọ̀rá náà sì ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan fi wọ̀n ọ́n ní bíi décibel 95. Èèyàn ò lè jẹun lóru mọ́ kí ilé má jí. Ní oṣù kẹwàá 2010 ni wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ọ̀rá àtijọ́. Ìdí tó fi ń pariwo ò yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀: tí kò bá tíì tó 60°C okùn inú PLA le gbagidi, tẹ́ ẹ bá fún ọ̀rá pọ̀ kì í tẹ̀ jẹ́jẹ́, ńṣe ló ń ta.

Mo ní páálí kan tó kún fún kọ́ọ̀bù PLA, ó ti wà nílé ọjọ́ pẹ́, ṣé ó ti bà jẹ́?

Tó bá wà níbi tó gbẹ, tó sì tutù, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ ibi tó ń gbóná tó sì ní ọ̀rinrin ló wà, omi inú afẹ́fẹ́ lè ti máa já a díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fún ẹnu ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, tó bá kán wẹ́ bíi bísíkí, àwọn yòókù náà ti ń lọ nìyẹn. Tí kò bá kán, ẹ bu omi tútù sí i kẹ́ ẹ máa mu.